Àkùrọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ ilé: Ẹ̀kọ́ tí Ìbàdàn lè rí kọ́ lára odò San Antonio

Títí di òní, bí òjò bá ṣú dẹ̀dẹ̀ sójú sánmà n'Íbàdàn, àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ ọdún 1980 ṣojú wọn kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ ọdún náà, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, odò Ògùnpa sì kún àkúnya. Omi wó ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn. Àwọn tó bá a lọ lé ní 100. Omíyalé ni àwọn ará ìlú sọ ọjọ́ náà.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, nítorí Ògùnpa ti ṣọṣẹ́ lọ́dún 1978. Kò sì jẹ́ ìgbà ìkẹyìn fún Ìbàdàn. Lọ́jọ́ 26, oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi ìsédò Ẹlẹ́yẹlé kún kọjá ààlà, àwọn odò mìíràn nínú ìlú náà sì ya wọ ilé onílé. Èèyàn tó kú tún lé ní 100.

Lẹ́yìn Omíyalé, ìjọba ní àwọn yóò fi kọnkéré la ọ̀nà fún Ògùnpa kí omi lè máa yára kọjá. Iṣẹ́ náà falẹ̀. Ó bá ìjọba alágbádá, ó bá ti ológun, ó tún bá alágbádá mìíràn. Lọ́dún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí yíyá 200 mílíọ̀nù dọ́là nítorí àgbàrá Ìbàdàn. Àtúnṣe ìsédò Ẹlẹ́yẹlé wà lára ohun tí wọ́n fi í ṣe.

Odò ní àyè tirẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí mọ ohun tí à ń pè ní àkùrọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ la ti ń gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo. Bí òjò bá dé, a ó dá ilẹ̀ náà padà fún odò. Kò sí àgbẹ̀ tí orí rẹ̀ pé tó máa kọ́ yàrá síbẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ máa sùn sí i.

Nígbà tí ìlú bá ń gbòòrò ni ọmọ aráyé ń gbàgbé èyí. Ilẹ̀ a wọ́n, wọn a gé àkùrọ̀ sí púlọ́ọ̀tì, wọn a sì tà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ tó ń mu omi tẹ́lẹ̀ ti di òrùlé páànù àti ojú ọ̀dà, gbogbo òjò tó bá rọ̀ ló ń sáré lọ sínú odò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá wá bá gọ́tà tí ìdọ̀tí ti dí, inú ilé ló kù tó máa yà sí.

Ohun tí wọ́n ṣe ní San Antonio

Ìlú San Antonio wà ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1921, odò àárín ìlú wọn kún, ó sì pa èèyàn tó lé ní 50. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n kọ́ ìsédò Olmos sápá òkè odò náà, kí ó lè máa gba omi dúró.

Lọ́dún 1929, ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ Robert Hugman, ọmọ ọdún 27, gbé àbá kan wá nípa ibi tí odò náà ti ṣẹ́ kọ́rọ́ láàárín ọjà. Ó ní kí wọ́n ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sétí omi, kí àtẹ̀gùn máa sọ̀ kalẹ̀ láti títì wá síbẹ̀, kí ilé ìtajà àti igi tútù yí i ká. Owó kò sí nígbà náà. Ọdún 1939 ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì parí lọ́dún 1941.

Ohun tó mú kí àbá náà ṣeé ṣe ni pé wọ́n ti la ọ̀nà mìíràn tí omi púpọ̀ lè gbà kọjá láìyà síbi tí èèyàn ń jókòó sí. Síbẹ̀, wọn kò sinmi. Lọ́dún 1997, wọ́n parí ihò ńlá kan lábẹ́ ilẹ̀, tó gùn tó máìlì 3, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 24. Nígbà tí òjò ńlá dé lọ́dún 1998, ihò yẹn ló gba àárín ìlú sílẹ̀. Lónìí, àìmọye àlejò ló ń ná owó létí odò tó pààyàn lọ́jọ́sí. Àyè omi ni wọ́n kọ́kọ́ wá, kí wọ́n tó wá àyè fún àga.

Iṣẹ́ tó kù n'Íbàdàn

Ìbàdàn náà ní àpẹẹrẹ kan, ìyẹn ọgbà Agodi, tó wà létí Ògùnpa. Omi ọdún 1980 ba ibẹ̀ jẹ́. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà lọ́dún 2014. Bí odò bá tún kún lọ́la, koríko àti bẹ́ǹṣì ni yóò kọ́kọ́ bá níbẹ̀, kì í ṣe ọmọ tó ń sùn.

Ṣùgbọ́n èèyàn àti ọjà wà létí odò ní apá ìsàlẹ̀. Bí ìjọba bá kàn gbé katapílà lọ síbẹ̀, ìyà ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó ti ń tajà níbẹ̀ láti ogún ọdún, ibo ni yóò gbà? Ẹni tó fi owó gírátútì kọ́lé síbẹ̀, ta ni yóò san án padà? Ètò tó bá fẹ́ tọ́jọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ilẹ̀ mìíràn àti owó gbà-má-bínú fún wọn, kí wọ́n tó gbin òdòdó kankan.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ ra ilẹ̀ nígboro, ẹ má ṣe jẹ́ kó lọ wò ó nígbà ọyẹ́ nìkan. Kó padà lọ lóṣù kẹsàn-án, kó sì bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ibi tí omi dé lọ́dún 1980 àti 2011. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé ọ̀nà tó ti ń tọ̀ rí.