Òtútù Ọyẹ́ àti Ìtọ́jú Ilé ní Kukuo

Kukuo, àdúgbò kan nínú ìlú Tamale ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, wà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí gíga rẹ̀ kò tó 250 mítà sí ojú òkun, ó sì jìnnà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Gambaga, ìyẹn ògiri òkè olókùúta tí ìlú Nakpanduri wà lórí rẹ̀ níhà àríwá ìlà-oòrùn. Bí ilẹ̀ bá fi 1,000 mítà ga sí i, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a máa fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius tutù sí i. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Gambaga gan-an kò ga tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà òtútù tó ń mú ará Kukuo kì í ṣe òtútù òkè, òtútù ọyẹ́ ni.

Ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ, eléruku, tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, tó sì ń lé afẹ́fẹ́ olómi tó ti òkun wá padà sí etíkun. Ìkùukùu àti ọ̀rinrin ló máa ń bo ilẹ̀ lóru bí aṣọ; bí àwọn méjèèjì bá ti kúrò, ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án a bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ sókè ní kété tí oòrùn bá wọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀sán fi lè gbóná dé ìwọ̀n 35 tí ìdájí yóò sì wálẹ̀ sí 20 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tí ara ọmọ ọwọ́ àti ti arúgbó kì í tètè gbà. Òtútù yìí kò ṣàjèjì sí àwọn oníṣòwò Yorùbá tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìgbẹ́tì wá tẹ̀dó sí Tamale, kí àṣẹ ìjọba Gánà lórí àwọn àjèjì ní ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ wọn padà, nítorí ọyẹ́ kan náà ló ń fẹ́ lẹ́sẹ̀ àwọn òkè Ìgbẹ́tì.

Ilé rìbìtì àwọn Dagomba, tí ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn tí wọ́n sì fi koríko bo orí rẹ̀, a máa gba ooru díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru. Páànù kì í pa ooru mọ́ bẹ́ẹ̀, àfi tí onílé bá fi àjà sí abẹ́ rẹ̀.

Ewu tó wà nínú sísá fún òtútù yìí ni títi ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa pátápátá. Àríwá Gánà wà nínú ìgbànú ilẹ̀ tí yírùnyírùn, àrùn awọ tó bo ọpọlọ, ti máa ń jà nígbà ẹ̀rùn, láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Etiópíà, yàrá tí èrò kún tí afẹ́fẹ́ kò sì ráyè wọ̀ sì ń ràn án lọ́wọ́. Èédú tó ń jó nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ tún burú jù, torí ó ń tú carbon monoxide jáde, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tó lè pa ẹni tó sùn kó tó jí. Ó sàn kí ara gbóná ju kí yàrá gbóná lọ: ẹ̀wù fúgù tí wọ́n fi òwú híhun rán ní Tamale nípọn tó fún ìdájí, òrí tí a bá fi pa ara kì í sì í jẹ́ kí ètè àti gìgísẹ̀ là.

Láti oṣù Kẹta ni ìyípadà òjijì tún ń gba ọ̀nà mìíràn yọ, nígbà tí ìjì òjò bá ti ìlà-oòrùn dé lọ́sàn-án gbígbóná, tí afẹ́fẹ́ tútù inú rẹ̀ sì já lu ilẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń ṣí páànù, nítorí náà ìparí oṣù Kejì ló yẹ kí wọ́n ti kan àwọn ìṣó tó ti tú padà.