Iṣẹ́ Ọgbà: Ìdáhùn fún Àwọn Òbí tí ó ń Béèrè

Ní ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ kéde iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà tí a óò máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé girama. Aṣọ rírán wà nínú wọn. Àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù wà níbẹ̀. Iná tí a ń fi oòrùn ṣe, ìtọ́jú ẹwà ara àti ìtọ́jú ohun ọ̀sìn náà wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹfà ni èyí tí wọ́n pè ní horticulture àti ọ̀gbìn. Nígbà tí a bá dárúkọ àwọn yòókù, ojú àwọn òbí a máa dán. Nígbà tí a bá dé orí ẹ̀kẹfà, wọn a béèrè pé: ṣé oko ríro ni a ń san owó ilé-ìwé fún ni? Ìbéèrè náà kò burú. Ó yẹ kí á dáhùn rẹ̀ nínú ìwé àjọ̀dún yìí, nítorí pé ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ni ẹ ní ọ̀rọ̀ í sọ lórí ohun tí ọmọ yóò kọ́ àti ohun tí a óò fi ilẹ̀ ilé-ìwé wa ṣe.

Láti inú èdè Látìn ni orúkọ náà ti wá. Hortus ni àwọn ará Róòmù ń pe ọgbà. Oko ni ti iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti kòkó, níbi tí ilẹ̀ ti gbọ́dọ̀ fẹ̀. Ọgbà ni ti ohun tí a ń fi ojú tọ́, tí ilẹ̀ kékeré sì lè gbà. Ẹ̀ka mẹ́ta pàtàkì ni ó ní: ẹ̀fọ́, èso, àti òdòdó pẹ̀lú igi àti koríko tí a fi ń ṣe àyíká lọ́ṣọ̀ọ́. Nítorí náà, a óò máa pè é ní iṣẹ́ ọgbà.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀fọ́, nítorí òun ni ó máa ń yá jù. Láàrin ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ni tẹ̀tẹ̀ ti tó fà. Ewédú ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fọ́n irúgbìn ewédú bí ó ti rí yóò rí i pé díẹ̀ ni ó hù, nítorí pé èèpo ara rẹ̀ le, omi kì í sì í tètè wọ inú rẹ̀. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ a máa di irúgbìn náà sínú aṣọ, wọn a tì í bọ omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọn a sì yọ ọ́ kíákíá. Bí ó bá pẹ́ jù, ó jinná nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbin ìdajì tí a tì bọ omi gbígbóná àti ìdajì tí a kò tì bọ̀ ọ́, tí ó sì ka iye tí ó hù ní ìhà méjèèjì, ti ṣe ìdánwò sáyẹ́ǹsì láì wọ yàrá ìdánwò.

Ti èso gba sùúrù, ó sì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbin kóró ọsàn sí ẹ̀yìnkùlé, tí igi náà ga fíofío, tí ó yọ ẹ̀gún, tí ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí wọ́n tó rí èso kan ká. Àwọn oníṣẹ́ ọgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ gbin kóró irú lẹ́mọ́ọ̀nù kan tí èèpo rẹ̀ rí pálapàla, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ lágbára, ó sì ń fara da ọ̀dá. Nígbà tí ìdí rẹ̀ bá nípọn tó pẹ́ńsùlù, wọn a fi ọ̀bẹ mímú la èèpo rẹ̀ bí lẹ́tà T. Wọn a bẹ ojú kan láti ara ẹ̀ka ọsàn dídùn tí ó ti ń so, wọn a tì í bọ abẹ́ èèpo tí wọ́n là, wọn a sì fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ dì í pinpin. Ní bí ọ̀sẹ̀ 3, wọn a tú u wò. Bí ojú náà bá ṣì tutù, ó ti gbà. Bí ó bá ti dúdú, ó ti kú, wọn a sì tún un ṣe. Lẹ́yìn èyí ni wọn a gé orí lẹ́mọ́ọ̀nù náà, kí agbára gbòǹgbò lè máa lọ sí ara ojú tuntun.

Irú igi bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í so láàrin ọdún 3 sí 4 tí a gbìn ín sóko. Bí a bá fi mítà 7 sí àárín igi kan àti èkejì ní ìhà gbogbo, nǹkan bí igi 204 ni hẹ́kítà kan yóò gbà. Ìṣirò ni èyí, ọmọ kò sì ní gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ọ̀bẹ yìí dáadáa kò tilẹ̀ nílò láti dúró de èso. Igi kékeré inú àpò ọ̀rá dúdú ni yóò máa tà fún àwọn tí ó fẹ́ gbin ọsàn.

Ní ti òdòdó, kí á wo ẹ̀bá títì ní Èkó àti Ìbàdàn, níbi tí àwọn ènìyàn ti to òdòdó àti igi ẹwà sínú àpò ọ̀rá àti ìkòkò. Ilé ìtura, ilé ìjọsìn, ilé ìfowópamọ́ àti ilé àdáni ni ó ń rà wọ́n, wọ́n sì tún ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn.

Iṣẹ́ ọgbà kò parí síbi ìkórè. Láti Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ tòmátì tí a ń jẹ ti ń wá. Nínú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí, wọn a tò ó lérí ara wọn nínú ọkọ̀ títí dé ọjà Mile 12 ní Èkó. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ a fọ́, ooru a sì mú un rà. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kàdúná àti àyíká rẹ̀, gbogbo ìyá tí ó ń se ọbẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tí owó tòmátì fò sókè. A nílò ẹni tí yóò mọ kòkòrò kí ó tó pọ̀, ẹni tí yóò mọ bí a ti ń di ẹrù, bí a ti ń fi òtútù pa èso mọ́, àti bí a ti ń sá a gbẹ. Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò di ọkọ́ mú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú kò ní rìn jìnnà. Láti ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí iṣẹ́ ọgbà, NIHORT, ti wà ní Ìdí-Iṣin ní Ìbàdàn. Àdúgbò náà fúnra rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ igi eléso. Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta sì ní ẹ̀ka tí ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí títí dé oyè gíga.

A kò sọ pé iṣẹ́ náà rọrùn. Nígbà òjò, ẹ̀fọ́ a pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ a sì wálẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní omi nìkan ni yóò rí i tà.

Ohun tí ó ń dí wa lọ́wọ́ jù lọ kì í ṣe omi, bí kò ṣe ojú tí a fi ń wo iṣẹ́ náà. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ọmọ tí ó bá pẹ́ dé ni a ń fún ní àdá. Ohun tí a fi ń jẹ ọmọ níyà fún ọdún mẹ́fà, báwo ni a ó ṣe sọ fún un ní ọdún keje pé iṣẹ́ iyì ni? Àwa tí a ń ka Ìwé Mímọ́ mọ̀ pé nínú ọgbà ni a kọ́kọ́ fún ènìyàn ní iṣẹ́, kí ègún kankan tó dé sórí ilẹ̀. Ìtọ́jú ọgbà ti wà ṣáájú ìyà. Kò yẹ kí ilé-ìwé Kristẹni sọ ọ́ di ìyà.

Nítorí náà, a ń bẹ àwọn aláṣẹ ilé-ìwé wa kí wọ́n yọ àdá kúrò nínú ohun èlò ìbáwí. A ń bẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kí ó ro kànga ẹ̀rọ àti ọpọ́n omi mọ́ àwọn ẹ̀bùn àjọ̀dún, nítorí ọgbà tí kò ní omi yóò kú ní oṣù Kejìlá. Kí àwọn tí ó ní ọgbà nínú wa gba ọmọ méjì tàbí mẹ́ta nígbà ìsinmi. Kí a sì ní ìwé owó fún ọgbà náà, tí àwọn ọmọ fúnra wọn yóò máa kọ, kí èrè rẹ̀ má baà gba ẹ̀yìn lọ sí ilé àwọn àgbà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá yan iṣẹ́ ọgbà, ẹ má ṣe bá a kẹ́dùn. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó gbìn, kí ẹ sì wá wò ó.