Ẹni Tí Ó Gbẹ́ Ọpọ́n: Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Inú Ẹ̀rọ àti Àṣà Ayò

Ẹni tí ó bá bá àwọn aláyò lábẹ́ igi, kíkí ni yóò kọ́kọ́ kí wọn. Yóò kí ọ̀ta, yóò kí ọ̀pẹ. Ọ̀ta ni í jẹ́ ẹ; ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn. Láàrin Yorùbá, eré kì í ṣe ti àwọn òṣèré nìkan. Òǹwòran a máa yin ẹni tí ó ń jẹ, a sì máa fi ẹni tí wọ́n ń jẹ ṣẹ̀fẹ̀.

Ní ọdún 1993, ilé-iṣẹ́ Midway ní ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ eré kan jáde tí ó fi èyí jọ ayò. NBA Jam ni orúkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń gbá nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ a dúró níwájú ẹ̀rọ náà, wọn a ki owó ẹyọ bọ̀ ọ́. Ènìyàn márùn-ún márùn-ún ní í gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lórí pápá, ṣùgbọ́n méjì-méjì ni ti inú ẹ̀rọ. Ìpín mẹ́rin ni eré náà, ìṣẹ́jú 3 ni ìpín kọ̀ọ̀kan. Kò sí rẹfirí tí yóò fun fèrè bí ẹnì kan bá ti ẹnì kejì ṣubú. Ẹni tí ó bá ju bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, tí alátakò kò sì rí ọ̀kan jù wọlé láàrin, iná yóò máa jó lára bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ohùn Tim Kitzrow yóò sì pariwo láti inú ẹ̀rọ pé iná ti ràn, bí òǹwòran ìdí ayò.

Ọmọ Yorùbá náà kò gbẹ́yìn níbẹ̀. Hakeem Ọlájùwọ́n, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1963, ni ó dúró pẹ̀lú Kenny Smith fún ẹgbẹ́ Houston Rockets nínú eré náà. Lórí pápá gidi, òun ni ó ṣíwájú ẹgbẹ́ yìí gba ife-ẹ̀yẹ ní 1994 àti 1995.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nídìí eré yìí. Mark Turmell, olórí àwọn tí ó ṣe é, fẹ́ràn ẹgbẹ́ Detroit Pistons. Nígbà tí ó yá, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn ti pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà: bí Chicago Bulls bá ń bá Pistons gbá a, tí àmì wọn sì súnmọ́ra, kí bọ́ọ̀lù tí Bulls bá jù ní ìṣẹ́jú àáyá ìkẹyìn máa tàsé. Ọmọ tí ó ná owó rẹ̀, tí ó sì fi ọjọ́ púpọ̀ kọ́ ọgbọ́n eré náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò máa dá lẹ́bi. Báwo ni yóò ṣe mọ̀?

Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ihò 12 ni ọpọ́n ayò ní, ọmọ ayò 48 ni a ń ta nínú rẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn ni a sì ti ń kà wọ́n. Bí ọ̀ta bá fẹ́ ṣe màgòmágó, ọmọdé tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ lè ké sí i. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó gbẹ́ ọpọ́n kò sì lè pàṣẹ fún ọmọ ayò.

A kò ní torí èyí gba eré inú ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Eré dídùn ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òbí àti olùkọ́ gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀ fún wọn pẹ̀lú. Ọmọ tí ó bá ti mọ eré tí gbogbo ojú ń ṣọ́, bí ó bá dé ìdí èyí tí ojú kò tó, yóò lè béèrè pé: ta ni ó gbẹ́ ọpọ́n yìí, ẹgbẹ́ ta ni ó sì ń bá ṣe?