Àgùnfọn Láàárín Oko ní Ilẹ̀ Niger

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rò pé ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí àgùnfọn nínú igbó níláti rìn títí dé Kenya. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Kouré, ní ilẹ̀ Niger tí ó bá Nàìjíríà pààlà níhà àríwá, ibi tí kò tó ibùsọ̀ 40 sí Niamey olú-ìlú wọn, àwọn ẹranko náà ń jẹ̀ káàkiri láàárín oko jéró àti oko ẹ̀wà.

Kò sí ọgbà tí ó sé wọn mọ́. Nítorí náà ni àlejò fi ń gba amọ̀nà. Nígbà òjò, orí ilẹ̀ gíga tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni a ti ń bá wọn; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn a sọ̀kalẹ̀ lọ sí àfonífojì Dallol Bosso. Ẹsẹ̀ ni a fi ń tọ̀ wọ́n lọ, jẹ́jẹ́. Orí ni ojú wa kọ́kọ́ ń rí, lókè igi ẹlẹ́gùn-ún. Ẹranko náà a tẹjú mọ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dẹ́kun jíjẹ.

Akọ rẹ̀ a máa ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, síbẹ̀ eegun 7 péré ni ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, iye kan náà tí ó wà lọ́rùn tiwa. Ahọ́n rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀. Òun ni ó fi ń ká ewé kúrò láàárín ẹ̀gún. Nítorí ibi gíga tí ẹ̀jẹ̀ níláti gùn dé, agbára tí ọkàn rẹ̀ fi ń ti ẹ̀jẹ̀ tó ìlọ́po méjì tiwa. Bí ó bá sì fẹ́ mu omi, a ya ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ gbàràgàdà. Ìran náà a máa pa ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n níbi tí kìnnìún bá wà, ìgbà náà ni ikú sún mọ́ ọn jù.

Ní Kouré kò sí kìnnìún. Ènìyàn ni ewu wọn. Irú àgùnfọn yìí ti tàn kálẹ̀ rí láti Senegal títí dé adágún Chad. Ọdẹ, ọ̀dá, àti igbó tí a ń sọ di oko dín wọn kù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 1996, 49 péré ni ó kù ní gbogbo ayé. Ìjọba Niger fi òfin de pípa wọn, àwọn ará abúlé sì gbà láti máa bá wọn gbé. Wọ́n ti ju 600 lọ nísinsìnyí. Ní 2018 a tilẹ̀ kó 8 nínú wọn lọ sí igbó Gadabedji, níbi tí irú wọn ti parẹ́ tipẹ́.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ní oko. Àgùnfọn a máa jẹ ẹ̀wà lóko, a sì máa já máńgòrò lórí igi. Àgbẹ̀ tí òjò kò rọ̀ tó fún, tí ó jí ní òwúrọ̀ tí ó bá ipasẹ̀ pátákò láàárín ẹ̀wà rẹ̀, kì í ṣe ọlá ẹranko náà ni yóò kọ́kọ́ rò. Owó àlejò a máa dé ọwọ́ amọ̀nà. Kì í dé ọwọ́ gbogbo àgbẹ̀. Lójú tiwa, ìfaradà wọn ni ó pa àgùnfọn mọ́ ju òfin lọ. Igi tí ẹranko náà ń jẹ ni a sì ń gé ṣe igi ìdáná lọ tà ní Niamey.