Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ọ̀rá Tó Di Ìwé Àwòrán

Ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí ọmọdé jù sí gọ́tà ní Ìsàlẹ̀ Èkó kì í dúró síbẹ̀. Òjò á gbá a lọ sínú ọ̀sà, ọ̀sà á sì gbé e fún òkun.

Báwo lèèyàn ṣe ń ṣàlàyé èyí fọ́mọ ọdún márùn-ún? Àwòrán ni!

Lọ́dún 2015, ìwé àwòrán One Plastic Bag tí Miranda Paul kọ jáde, Elizabeth Zunon ló ṣe àwòrán rẹ̀. Ìtàn òótọ́ ni: Isatou Ceesay àtàwọn obìnrin abúlé Njau ní Gáńbíà ń ṣa ọ̀rá tí ewúrẹ́ ń jẹ kú, wọ́n ń gé e bí òwú, wọ́n sì ń fi í hun àpamọ́wọ́ tà. Njau jìnnà sókun lóòótọ́, àmọ́ ọmọ Èkó wo ni ò mọ ewúrẹ́? Ìtàn ewúrẹ́ yé wọn ju àwòrán àbùùbùtán tó gbé ọ̀rá mì lọ.

Olùkọ́ tí ò bá rí ìwé náà rà lè ní káwọn ọmọ fúnra wọn ya ìrìn àjò ọ̀rá kan, láti Ìdúmọ̀tà títí dé etíkun.