Òògùn Tí Ń Dẹ Iṣan: Kí Ló Ń Mú Kí Agbára Rẹ̀ Tètè Kúrò Lára?

Ìròyìn pé ẹ̀tọ́ àdáni ilé-iṣẹ́ Merck lórí sugammadex dópin ní Amẹ́ríkà lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026 kan àwọn dókítà akunilóorun gbọ̀ngbọ̀n, nítorí òògùn yìí lè mú kí agbára òògùn tí ì bá dẹ iṣan fún wákàtí kan tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òògùn tí ń dẹ iṣan kì í kun ènìyàn lóorun, kì í sì í pa ìrora. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dí ibi tí iṣan ti ń gba àṣẹ ọpọlọ, tó bẹ́ẹ̀ tí aláìsàn kò ní lè dá mí, àfi kí wọ́n fi ẹ̀rọ bá a mí.

Bí wọ́n bá fẹ́ gé kókó kékeré kúrò lára tán-án-ná, ìyẹn ibi tí ohùn ti ń jáde ní gògóńgò, tán-án-ná gbọ́dọ̀ dúró láìmira títí iṣẹ́ yóò fi parí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà lè má gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni suxamethonium, òògùn tí ń dẹ iṣan tí wọ́n ti ń lò láti nǹkan bí ọdún 1951, bá mu: ó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 1, agbára rẹ̀ sì ń tán ní ìṣẹ́jú 5 sí 10, nítorí pé ẹ́ńsáìmù kan nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn èròjà tí ń fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́, ń tètè fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí a bí pẹ̀lú ẹ́ńsáìmù tí kò lè ṣiṣẹ́ yìí dáadáa, àwọn wọ̀nyí sì lè wà lórí ẹ̀rọ fún wákàtí púpọ̀. Ẹ́ńsáìmù kan náà ni mivacurium, òògùn mìíràn tí ń dẹ iṣan, gbójú lé, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó mú iṣan.

Rocuronium ní tirẹ̀ ń yára bíi suxamethonium bí wọ́n bá fún aláìsàn ní mílígíráàmù 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ó lè lé ní wákàtí kan lára. Ibí ni sugammadex ti wúlò: òrùka ni, tí a fi ẹyọ ṣúgà 8 so pọ̀, kì í sì í fọwọ́ kan iṣan rárá. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń gbá rocuronium mọ́ra, bí ti inú ẹ̀jẹ̀ sì ti ń dín kù ni èyí tó wà lára iṣan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí kíndìnrín yóò fi wá tọ gbogbo rẹ̀ dànù. Kò lágbára kankan lórí suxamethonium tàbí mivacurium.

Ó jọ pé bí owó sugammadex bá wálẹ̀ nítorí ẹ̀tọ́ àdáni tó dópin yìí, rocuronium yóò gba ipò suxamethonium nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kúkúrú, ṣùgbọ́n òògùn olówó pọ́ọ́kú nìkan kò tó dáàbò bo aláìsàn. Láti mọ̀ bóyá agbára òògùn ti tán lóòótọ́, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń ta iṣan ọwọ́ jí lẹ́ẹ̀mẹ́rin léraléra, tí yóò sì máa wọn agbára tí àtàǹpàkò fi ń mira lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí agbára ìkẹrin bá tó ìdá 90 nínú 100 ti àkọ́kọ́ ló tó yẹ kí wọ́n yọ ọ̀pá èémí. Owó tí ilé ìwòsàn bá rí ṣẹ́kù lórí òògùn, ẹ̀rọ yìí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi rà.