Níti Ara Yíyún Àwọn Ọmọ Wa àti Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀

Níti àrùn awọ ara tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ẹ́kísímà ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Àrùn yìí kì í ràn bí làpálàpá. A máa mú kí awọ ọmọ gbẹ, kí ó le, kí ó sì máa yún un tọ̀sán tòru, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ àti ìyá kì í fi í lè sùn.

Ọ̀pọ̀ òbí ni í náwó kí a lè wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn, kí wọ́n lè mọ bí àrùn náà ti le tó. Èyí tí a sábà máa ń wò ni èròjà tí à ń pè ní IgE, tí Kimishige àti Teruko Ishizaka ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Johansson òun Bennich ní ilẹ̀ Sweden, ṣàwárí ní ọdún 1966 sí 1967. Lóòótọ́ ni ó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tí àrùn yìí ń bá jà. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí ara wọn bàjẹ́ gidigidi tí tiwọn kò pọ̀. Aràn inú pẹ̀lú a máa mú un pọ̀ sí i.

Èyí tí ó ń bá ìle àrùn náà rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni TARC. Bí awọ bá ń bàjẹ́, a pọ̀. Bí ìwòsàn bá dé, a dín kù. Ní ilẹ̀ Japan, láti ọdún 2008 ni ètò ìlera wọn ti ń san owó àyẹ̀wò rẹ̀. Síbẹ̀, tàwọn ọmọ ọwọ́ a máa pọ̀ ju tàwọn ọmọ tí ó dàgbà lọ, bí ara wọn tilẹ̀ le.

Nítorí náà ni àwọn dókítà ṣe ń fi ojú àti ìbéèrè díwọ̀n àrùn náà. Nínú ìwọ̀n SCORAD, tí a gbé kalẹ̀ ní Yúróòpù ní ọdún 1993, a máa wo ibi tí àrùn náà bò dé lára, a ó sì bèèrè bí ara ti yún ọmọ tó àti bí ó ti sùn sí ní ọjọ́ mẹ́ta tí ó kọjá. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 103. Èyí tí ó bá ju 50 lọ le púpọ̀. Ẹ kíyè sí i pé lára ènìyàn dúdú, ibi tí ì bá pọ́n a máa dúdú sí i tàbí kí ó rí bí eérú, ojú tí kò sì mọ̀ ọ́n lè pe àrùn líle ní kékeré. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ fún dókítà iye òru tí ọmọ kò sùn.

Ewu kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Bí ìwé àyẹ̀wò bá dárúkọ ẹyin, wàrà tàbí ẹja, àwọn òbí kan a fi gbogbo rẹ̀ du ọmọ, títí yóò fi rù. Ìwé náà fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti mọ oúnjẹ náà. Kò tíì fi hàn pé oúnjẹ náà ń pa á lára. Ẹ má ṣe dáwọ́ oúnjẹ kankan dúró láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ọmọ, kí ẹ sì fi ìpara ọlọ́ràá tí kò ní òórùn dídùn pa á lára kí awọ tó gbẹ. Bí ibẹ̀ bá ń ṣọyún, tàbí tí ibà dé, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí kan láàárín àwọn ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì fetí sí ti ọmọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú.